Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹbí Oetker ní Bielefeld: ẹ ti pín ogún, gbèsè ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ Olóògbé Rudolf-August Oetker,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n owó ògbufọ̀ kò lè wọ́n yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ báyìí ni, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ọmọ tí bàbá fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà, àríyànjiyàn tó máa ń tẹ̀lé ìsìnkú kò sì ṣàjèjì sí wọn.

Kéèkì ni mò ń ṣe tà n'Íbàdàn. Békìn páúdà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin ẹbí tó dá ilé iṣẹ́ Dr. Oetker sílẹ̀ ní Jámánì. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n di í sínú pákẹ́ẹ̀tì kékeré, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé iye ìyẹ̀fun báyìí ni kó lò ó fún. Ibi tí mo ti ń wá ìyẹn kiri ni mo ti ka bí ẹ ṣe pín ilé iṣẹ́ bàbá yín sí méjì ní 2021. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Ìdí igi mà nìyí!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Bí bàbá olórogún bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ogún rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdí igi pín in, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọn yóò pín dúkìá sí. Ìyá tó bí ẹyọ ọmọ kan àti ìyá tó bí mẹ́fà, ìpín ọgbọọgba ni. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, orí ọmọ ni wọn yóò kà, olúkúlùkù á sì gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ọmọ Èkó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, rìn títí ó fi dé iwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962. Àwọn adájọ́ ní ìdí igi ni àṣà.

Bàbá tiyín fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ti àkọ́kọ́ bí ọmọ kan, ti ìkejì bí mẹ́rin, ti ìkẹta bí mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ náà, orí-ò-jorí gbáà. Bóyá ó rò pé òun ti fi ìyẹn parí ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tó ṣaláìsí ní oṣù Kìíní 2007, adìyẹ bà lókùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n fẹ́ báyìí, àwọn àbúrò fẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sórí àga olórí di ohun tí ẹ gbé lọ síwájú onílàjà. Nígbà tí ẹ sì máa pín yà, ọ̀dọ̀ ìyá ni okùn ti já. Ọmọ ìyá àkọ́kọ́ àti àwọn ọmọ ìyá kejì dúró síhà kan, wọ́n mú Dr. Oetker fúnra rẹ̀, wọ́n mú bíà Radeberger, wọ́n mú kéèkì dídì Coppenrath & Wiese. Alfred, Carl Ferdinand àti Julia, àwọn mẹ́ta tí ìyá kẹta bí, mú ọtí Henkell Freixenet, wọ́n mú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá bíi Le Bristol ní Páríìsì, wọ́n mú Martin Braun tó ń ta èròjà fún àwọn oníbúrẹ́dì, wọ́n mú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Budenheim, wọ́n sì mú àwọn àwòrán iyebíye tí bàbá yín kó jọ.

Ọ̀rọ̀ Budenheim yẹn dùn mọ́ mi. Fọ́sífétì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, fọ́sífétì sì ni ásíìdì tó wà nínú ọ̀pọ̀ békìn páúdà ayé òde òní, Backin, békìn páúdà tiyín, náà wà lára wọn. Láti 1923 ni ilé iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ ẹbí yín. Ní báyìí, páúdà wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń mú páúdà wú wà lọ́dọ̀ àwọn ọbàkan wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa bá ara yín ná ọjà.

Ọ̀nà tí ẹ gbà pín in kò kàn mí. Ẹ fara balẹ̀ pín in, ìwé ìròyìn kò ròyìn àdá àti kùmọ̀, ó sì sàn ju ohun tí ojú wa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí lọ. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó pín ogún, àwọn àgbà ẹbí á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ni òkú jẹ ní gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ nínú ilé àti oko, á fẹ́ nínú gbèsè. Mo wo àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀yà méjèèjì mú lọ, mo kà á lákàtúnkà, n kò rí ibi tí wọ́n kọ gbèsè sí. Kì í ṣe gbèsè báǹkì ni mò ń sọ.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yin ẹni tó yẹ ní yíyìn. August Oetker, bàbá-bàbá bàbá yín gan-an, ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Obernkirchen ni wọ́n bí i sí ní 1862. Ó kọ́ṣẹ́ apòògùn, ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ewéko, nígbà tó sì di 1891 ó ra ilé ìpòògùn Aschoff ní Bielefeld. Inú yàrá há-há kan níbẹ̀ ló ti ń po ohun tó ń pò, lálẹ́ àti lọ́sàn-án.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe békìn páúdà o. Alfred Bird ti ṣe é ní Birmingham ní 1843 nítorí ìyàwó rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gba yíìsì. Eben Horsford, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà, ní Jámánì níbẹ̀, ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1856. August bá a lọ́jà ni. Ohun tó ṣe ni pé ó wò yíká, ó rí ohun tó ń dá àwọn obìnrin ilé lágara.

Ẹni tó bá ń ṣe kéèkì ni yóò mọ bí ohun tó rí ṣe tóbi tó. Sódà àti ásíìdì ló wà nínú páúdà yìí, pẹ̀lú sítáàṣì tó ń fa omi ara wọn kí àwọn méjèèjì má baà ki ara wọn mọ́lẹ̀ kó tó tó àsìkò. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á tú jáde, á sọ inú ìyẹ̀fun tí a pò di oníhò wínníwínní, iná ààrò á sì mú un gan bẹ́ẹ̀. Bí páúdà bá pọ̀ jù, kéèkì á wú fùkẹ̀ kọjá etí agolo, kó tó jinná àárín rẹ̀ á ti jìn wọlé, ahọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sì mọ̀ pé sódà wà níbẹ̀. Bí ó bá kéré, ẹ ti ṣe bíríkì. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú agolo tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí, ẹ má wulẹ̀ dà á. Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ra páúdà tí wọ́n wọ̀n fún un lórí káńtà, òun àti orí rẹ̀ ni.

August wá wọn ìwọ̀n kan ṣoṣo, èyí tó tó ìdajì kílò ìyẹ̀fun gẹ́lẹ́, ó di í sínú pákẹ́ẹ̀tì, ó tà á ní pfennig 10. Ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì ló kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì sí. Iyàwó ilé tí kò ní òṣùwọ̀n kankan nílé lè já a, kó dà á, kó sì mọ̀ pé ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ni yóò tún rí lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tó di 1893, Backin ti ní orúkọ. Ní 1899, orí obìnrin funfun tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì di àmì ilé iṣẹ́. Ní 1900, ó kọ́ fákítìrì. Ní 1903, ìwé àṣẹ jáde. Ọpọlọ lásán ló fi ṣe é, kò gba ohun olóhun. Bí ìtàn ẹbí yín bá parí síbẹ̀, lẹ́tà oríyìn ni ǹ bá máa kọ yìí.

August ní ọmọkùnrin kan, Rudolf, tó yẹ kó jogún rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní gbé Rudolf lọ, ó sì kú ní Verdun ní oṣù Kẹta 1916. Oyún wà níkùn Ida ìyàwó rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n bí bàbá yín. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni, Babárímisá ni wọn ì bá sọ ọ́. Kò pé ọdún méjì sígbà náà tí August alára fi tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ, ní oṣù Kìíní 1918. Ilé iṣẹ́ ńlá wà nílẹ̀, ọmọdé jòjòló ni àrólé.

Ibẹ̀ ni Richard Kaselowsky ti wọlé. Ọ̀rẹ́ Rudolf ni. Ó fẹ́ Ida opó ní 1919, ó sì gba ìjọba ilé iṣẹ́ ní 1920, kó máa bá ọmọ náà tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Àwa tó mọ opó ṣíṣú, irú èyí kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá gba opó gba ọmọ, ó gba oko. Ó sì bójú tó oko náà dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó bá nílẹ̀ kò pòórá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbilẹ̀ sí i ni. Bàbá yín gbà á bíi bàbá tó bí i lọ́mọ, títí tó fi kú kò sì yéé gbè é lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1933, Kaselowsky wọ ẹgbẹ́ Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Kì í ṣe pé ó forúkọ sílẹ̀ kó lè máa ta páúdà rẹ̀ ní àlàáfíà, bí àwọn kan ṣe ń sọ nípa ara wọn lẹ́yìn ogun. Ó wọ ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ Heinrich Himmler, àwọn oníṣòwò jàǹkàn-jàǹkàn tó ń jókòó jẹun pẹ̀lú olórí SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn Násì, tí wọ́n sì ń dáwó fún un. Ní 1937, ìjọba Hitler fi ilé iṣẹ́ Oetker ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àwòkọ́ṣe wọn. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun ń jẹ ohun tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe. Nínú ohun tí wọ́n fipá mú kí àwọn Júù tà ní ọ̀pọ̀, ilé yín rí tirẹ̀ rà. Bàbá yín fúnra rẹ̀ fínnú-fíndọ̀ wọ Waffen-SS, ẹ̀ka SS tó ń jagun.

N kò sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ bẹ àwọn onítàn lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n wá túlé, ohun tí wọ́n rí ni mo ń sọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1944, bọ́ǹbù já lu Bielefeld. Kaselowsky kú, Ida kú, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n bí kú pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tí kò káàánú, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Babárímisá tó di baálé lójijì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé lẹ́yìn ogun, wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó ṣe láti ìgbà náà lọ, gbogbo Jámánì ló mọ̀ ọ́n. Púdìn àti páúdà bí bíà, bíà bí báǹkì, báǹkì bí ìbánigbófò. Ní 1955 gbogbo ọkọ̀ ojú omi Hamburg Süd ti di tirẹ̀. (Ẹ̀yin lẹ tà á fún Maersk ní 2017, bílíọ̀nù 3.7 yúrò. Ẹ kú ọjà.) Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò là lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1933 sí 1945. Bí wọ́n bá bi í, kì í dáhùn.

Ohun kan ló dá lóhùn, tí gbogbo ìlú sì gbọ́. Ní 1968, ó fowó ṣètìlẹ́yìn fún ilé àwòrán tí Philip Johnson, ayàwòrán ilé ọmọ Amẹ́ríkà, yà fún Bielefeld, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Richard Kaselowsky pè é. Ẹ rò ó wò ná. Ọdún mẹ́rìnlélógún péré lẹ́yìn ikú ẹni tó ń bá Himmler jẹun, ilé tí ọmọ ìlú á ti máa wo àwòrán, orúkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, ariwo ta, ayẹyẹ ìṣíde já sásán. Orúkọ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú yọ ọ́ ní 1998, inú bí bàbá yín, ó kó àwọn àwòrán tó yá wọn padà sílé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàgbé ló ṣe é. Ẹni tó gbàgbé kì í bínú. Ìfẹ́ ọmọ sí ẹni tó tọ́ ọ ni, mo gbà. Èmi náà ní ẹni tó tọ́ mi. Àmọ́ ìfẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ìgbà tó gbé e lọ sójú òde tó ní kí ará ìlú bá òun jùmọ̀ ki oríkì rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

Lẹ́yìn tó kú lẹ tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwádìí àwọn onítàn jáde ní 2013, August ẹ̀gbọ́n yín sì sọ fún àwọn oníròyìn láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé Násì ni bàbá òun. Mo kí i kú ọkàn akin. Ọmọ tó ń sọ irú ìyẹn nípa bàbá rẹ̀ ní gbangba, ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ha á lọ́fun. Àwọn kan ní ó pẹ́ jù, wọ́n ní ẹ dúró kí bàbá kú tán ni. Ó pẹ́ lóòótọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá wà tí wọn kò ṣe tiwọn rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ gbà kí wọ́n yẹ àwọn àwòrán bàbá yín wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ọwọ́ tó ti wá. Wọ́n rí èyí tí Anthony van Dyck yà, tó jẹ́ ti Jacques Goudstikker, Júù oníṣòwò àwòrán ní Amsterdam tó sá fún Násì, tó sì kú sójú omi ní 1940. Ẹ dá a padà fún ẹbí rẹ̀. Wọ́n rí èyí tí Carl Spitzweg yà, oṣó kan ló wà nínú rẹ̀. Ti Leo Bendel ni, Júù oníṣòwò tábà ní Berlin tó ta ohun ìní rẹ̀ kó lè ríbi sá lọ, tó sì kú sínú Buchenwald, àgọ́ ìyà àwọn Násì. Ẹ dá ìyẹn náà padà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí ẹ dá àwọn àwòrán wọ̀nyẹn padà, ilé kan lẹ wà. Ní báyìí, àwòrán wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá kẹta. Orúkọ Dr. Oetker, Backin, àti ilé iṣẹ́ tí Kaselowsky jókòó sí tó ń fọwọ́ sí ìwé, wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n. Bí ọmọ-ọmọ ẹnì kan bá dìde lọ́la tó ní àwòrán bàbá òun àgbà wà lára ògiri yín, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà tí wọ́n fi rà á, ọjọ́ tí wọ́n rà á àti iye tí wọ́n san, inú dúrọ́ọ̀ àwọn tí kò ni àwòrán náà ló wà. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un? Àwọn ẹ̀gbọ́n lè ní, “Àwòrán ò sí lọ́dọ̀ wa.” Àwọn àbúrò lè ní, “Ìwé ò sí lọ́dọ̀ wa.” Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, ẹni tó ń wá nǹkan bàbá rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà.

Irú báyìí ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí tí mo mọ̀. Wọ́n pín ilé, wọ́n pín mọ́tò, kò sẹ́ni tó mú ìwé gbèsè bàbá dání. Nígbà tí ẹni tí bàbá jẹ ní gbèsè bá dé, ilé orogún ni wọ́n á máa júwe fún un títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan lè ní, kí ló kan obìnrin tó ń yan kéèkì n'Íbàdàn nínú ọ̀rọ̀ Júù àti Jámánì? Ní 1910, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius wọ Ilé-Ifẹ̀, ó fi owó táṣẹ́rẹ́ gba orí Olókun àti ohun mìíràn lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó ti ń palẹ̀ mọ́ kí aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kó dá wọn padà. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ìwé tí wọ́n kọ pé “a rà á” kì í pa ẹnu ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, bí kò bá ní agbára àtikọ̀ nígbà tó ń tà á.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe ń rí. Ní oṣù Kejìlá 1976, wọ́n jí Richard, ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ìyá kejì, gbé ní Freising, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ká sínú àpótí onígi tó kúrú jù fún un, wọ́n so wáyà iná mọ́ ọn lára pé bó bá pariwo, iná á gbé e. Iná gbé e lóòótọ́, eegun ìbàdí rẹ̀ fọ́, ó sì ń jìyà rẹ̀ títí dòní. August, ọmọ ìyá rẹ̀, ló gbé owó lọ fún wọn ní Munich, mílíọ̀nù 21 máàkì. Ọwọ́ tẹ ẹni tó ṣe é ní 1979, ó sì ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni wọ́n tún mú un ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti ń wá bó ṣe máa pààrọ̀ owó tó kù. Ogún ọdún ó lé! Nínú gbogbo ọdún yẹn, ǹjẹ́ ẹnì kan nínú yín gbà pé owó náà ti di ti ajínigbé, nítorí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹbí Leo Bendel dúró ju ogún ọdún lọ.

N kò fi ohun tó ṣe Richard wé ohun tó ṣe Bendel láti fi ẹ̀sùn kàn án. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ Richard níbẹ̀, wọn ò tíì bí i nígbà ogun. Mo kàn ń sọ pé ilé yín ju ilé ẹlòmíì lọ níbi ká mọ ohun tí ìfipágbà ń ṣe fún èèyàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò wúwo. Ẹ pàdé, ẹ̀yà méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti owó. Ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ láti 1933 títí kọjá ogun kò ní pín, pé onítàn tàbí ọmọ-ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdí láti wò wọ́n, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò kàn, wọ́n á sì ṣí i fún un. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé yíyẹ àwòrán wò ń bá a lọ, kódà bí wọ́n bá tà wọ́n tàbí tí wọ́n kó wọn lọ sára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, kí ẹ̀yà méjèèjì máa san owó rẹ̀ láàbọ̀-ààbọ̀. Ẹ sì tẹ orúkọ onítọ̀hún jáde kí ará ìta mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí.

Èkejì, ibikíbi tí ẹ bá ti ń sọ ìtàn ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń mú àlejò káàkiri fákítìrì, ì báà jẹ́ nínú ìwé ìléwọ́, ẹ má fo láti ọ̀dọ̀ August sórí bàbá yín bí ẹni fo kòtò. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Kaselowsky fi ṣe olórí.  Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun rere tó ṣe fún ilé iṣẹ́, ẹ sọ ilé tó ti jẹun àti owó tó dá. Àwọn tó ń ra páúdà lè gbọ́ ọ. A kì í ṣe ọmọdé. Ní 2041, ilé ìpòògùn Aschoff yóò pé 150 ọdún tó di tiyín. Ẹ̀yà tó ni Backin ni yóò se àsè, ẹ̀yà kejì á sì wá bí àlejò. Ẹ má dúró dìgbà náà kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí kò ní í sí láyé mọ́ nígbà náà.

Bí ẹ bá ti ṣe ìkan nínú ohun tí mo bèèrè yìí tí ìròyìn rẹ̀ kò tíì kàn mí, ẹ sọ ọ́ síta, inú mi á dùn láti kà á. Bí ẹ bá sì ní ìdí tí kò fi ṣeé ṣe, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ìdáhùn, torí ìyẹn ni bàbá yín ti fún wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn tó ń di páúdà ní fákítìrì. Iṣẹ́ wọn dára.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn oníkéèkì Ìbàdàn